Orin Ìsìnkú Japhet Ikúmápàyí

Lifapúùlù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 1955

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú èéfín ẹja. Ṣé ikọ́ yẹn ti rọlẹ̀? Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi Sabina àti ọkọ wọn, Bọ̀dá Gbádégẹṣin. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Ṣómólú náà ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí bí mo ṣe máa ń ṣe, torí bí mo bá kọ etídò Bàrígà sára rẹ̀, ẹja ni yóò kọ́kọ́ kà á. Ara mi le. Òtútù ibí ṣì ń fojú mi rí nǹkan, ṣùgbọ́n mo ṣì wà lọ́dọ̀ òyìnbó tó ń tún gramafóònù ṣe, mo sì ń lọ síléèwé alẹ́ déédéé.

Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kàn. Mo ti gbọ́ orin Bàbá nínú gramafóònù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá òyìnbó kan gbé gramafóònù àtijọ́ wá, sípíríńgì rẹ̀ ti kú tán. A ní àwọn àwo ògbólógbòó tá a fi ń dán ẹ̀rọ wò, mo wá fi ọ̀kan lé e. Nítorí pé sípíríńgì ò lágbára, ńṣe ni àwo náà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bí aláboyún tó ru omi. Ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde ni "Ẹ wà á, ẹ wà á, ilẹ̀ ò jìnnà mọ́." Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, píánò lásán ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni, gbogbo ibi tó ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń dá a níbi ìsìnkú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi rò pé iná ló gbé mi.

Nígbà tí mo pààrọ̀ sípíríńgì tán, tí àwo náà wá ń yí bó ṣe yẹ, àṣé orin ijó ni. Ọwọ́ òsì olùlù píánò ń rìn gbà, gbà, gbà bí ẹni tó ń lọ sójà, ọwọ́ ọ̀tún sì ń kọsẹ̀ tẹ̀ lé e bí ọmọ aláwàdà. Rágítáìmù ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn dúdú Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń lù ú nílé ọtí ṣáájú ogun Jámánì àkọ́kọ́. Àwo yẹn ti wà tipẹ́tipẹ́ kí Bàbá tó rí ìran tí wọ́n fi gba orin náà. Mo rántí pé wọ́n bá òyìnbó gbé ní Burútù nígbà èwe wọn. Àbí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ?

Inú mi dùn, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọjọ́ yẹn nìkan ló dà bí ẹni pé Bàbá yọjú sí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọlọ́runṣògo

*

Etídò, Bàrígà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin, 1955

Ọlọ́runṣògo,

Mo kí ọ, torí ìkíni kì í pa ènìyàn. Ara èmi náà wà bẹ́ẹ̀.

Ṣé òtútù ti mú ọ gbàgbé bí a ṣe ń gba lẹ́tà níhìn-ín ni? Èmi kì í ṣí lẹ́tà rẹ. Bí Gbádégẹṣin bá ti gbé e dé, mo máa ń tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, Adébọ̀dé akọ̀wé ìjọ á wá ṣí i níwájú pẹpẹ, á kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ìjọ ló gbààwẹ̀ fún ọkọ̀ tó gbé ọ lọ, wọ́n ní ìpín nínú lẹ́tà rẹ. Mo wọ sùtánà mi funfun, mo dìde, mo ti ń jó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Adébọ̀dé kà á dé ibi tó o ti sọ̀rọ̀ ilé ọtí, ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. Mo rò pé àìsàn ló ń ṣe ọ tí kò fẹ́ kí n gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo ní kó máa kà á lọ. Ó kà á tán. Kò sí ẹni tó ṣe àmín.

O ò kúrò nílé yìí lọ́mọ ọwọ́. O mọ ohun tí orin ẹ̀mí jẹ́ nínú Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Etídò. Ẹni tó bá gbà á lójú ìran ló ni ẹsẹ̀ orin náà. Òun nìkan ló lè dá a, tàbí aya rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí aya náà tó fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Àwọn yòókù, ègbè ni tiwọn, wọn kì í tún ẹsẹ̀ rẹ̀ wí. Kì í wọ ìwé. Láti ọdún tí bàbá yín ti kú, èmi ni mò ń dá a lórí gbogbo òkú tó ti ìjọ wa jáde, àwọn ará Ìgbókọ̀dá pàápàá máa ń fi ọkọ̀ wá gbé mi. Ìwọ wá jókòó sí Lifapúùlù, o ní ilé ọtí ni wọ́n ti gbé e wá.

Ṣé o rí i, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, Ìyá Ọmọ́wálé tí a jọ ń yan ẹja gba ọ̀nà mìíràn kí a má baà jọ rìn. Wọ́n ń wò mí bí aya òpùrọ́.

Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Má kọ nǹkan kan mọ́ nípa àwo.

Leah Ikúmápàyí, ìyá rẹ

*

Lifapúùlù
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 1955

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo gbàgbé pé níwájú pẹpẹ ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà mi. Ẹ̀yin nìkan ni mò ń rí lójú mi nígbà tí mò ń kọ ọ́, lórí àpótí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹ sọ fún àwọn àgbà pé n ò pe Bàbá ní òpùrọ́. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo sọ. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè kọ̀wé sí olórí wọn, Bàbá Àgbà Adéjìmí, pé àṣìṣe ni, pé orin méjì ló jọra. Ẹ kàn sọ ọ́ kí n kọ ọ́.

Èmi ni,
Ọlọ́runṣògo

*

Etídò, Bàrígà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 1955

Ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa lónìí. Òjò ti dé, omi ti wọ abẹ́ ilé wa, ẹja ò gbẹ dáadáa. Sabina kí ọ. Ó ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó tíṣà ní Ọbaníkòró, ọwọ́ rẹ̀ dí.

O ní o fẹ́ kọ̀wé pé àṣìṣe ni. Ṣé àṣìṣe ni? Bí kì í bá ṣe àṣìṣe, má kọ ọ́. N ò fi irọ́ tọ́ ọ, n ò sì ní fi irọ́ ra orin padà.

Àwọn àgbà ti jókòó. Wọ́n pè mí, wọ́n bi mí ní ti Burútù. Mo ní lóòótọ́ ni, bàbá yín ṣe bọ́yì fún òyìnbó kan níbẹ̀ kó tó fẹ́ mi, òyìnbó náà sì ní àpótí tó ń kọrin. Mo rí bí wọ́n ṣe wo ara wọn. Mo wá sọ fún wọn pé ní Màhín, lọ́jọ́ tí ìran dé bá Japhet, èmi ni mo dì í mú. Orin yẹn ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀, òógùn sì bò ó. Ẹni tó ń purọ́ kì í làágùn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá gbọ́ nǹkan, tó gbàgbé rẹ̀ pátápátá, tí nǹkan náà wá padà bá a lójú ìran nígbà tó dàgbà, ta ló rán an padà? Àbáyọ̀mí olórí akọrin sunkún.

Ìdájọ́ wọn ni pé kí orin náà lọ jókòó. Wọ́n ní orin olórin tí a kò tọrọ, olè ni, àti pé ìjọ ò lè máa fi ohun olè sin òkú. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà Adéjìmí ṣàánú mi. Wọ́n ní bí ẹni tó ṣe orin náà bá wà láyé, tàbí ọmọ rẹ̀, tó sì fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, àwọn á gbà á bí ẹ̀bùn, a ó sì padà máa kọ ọ́. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í sẹ́nu, títí kan èmi, títí kan ìdí ààrò mi. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ lé Bíbélì. Mo fi lé e.

Ọlọ́runṣògo, ìwọ lo rí i, ìwọ ni kó o tọ́ ọ délé. Wá olórin náà rí fún mi. Nígbà tí omi gbé bàbá yín lọ, a wá òkú rẹ̀ títí, a ò rí i. A ò gbẹ́lẹ̀, a ò gbé òkúta kankan dúró. Gbogbo wa wọ ọkọ̀ lọ sórí omi, a kọ orin yẹn. Orin yẹn ni ibojì bàbá yín. N ò ní ibòmíràn tí mo ti ń rí i.

Àyà mi ò fi bẹ́ẹ̀ dára. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ lórí èmi náà.

Ìyá rẹ

*

Lifapúùlù
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje, 1955

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí lẹ́tà yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, n ò lè jẹun. Màá wá a, Màmá.

Ohun tí mo ti rí nìyí. Ẹnìkan kọ́ ló gbé orin náà sínú àwo. Èyí tó pẹ́ jù nínú èyí tí mo rí, ẹgbẹ́ onífèrè sójà ló fọn ọ́, wọ́n sì pè é ní Ìrìn Àwọn Sójà. Òmíràn wà tí òyìnbó kan ń ta gìtá sí, wọ́n fún ìyẹn náà ní orúkọ tirẹ̀. Ti píánò tí mo kọ́kọ́ gbọ́, Ijó Abẹ́ Igi Òwú ni wọ́n kọ sí i lára. Orin kan náà ni gbogbo wọn, olúkúlùkù sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ pé òun lòun ṣe é. Mo fi ọwọ́ gbá àwọn àwo náà mọ́ra, mo ní ṣé ẹ̀yin náà ò mọ bàbá yín ni.

Mo wá lọ bá Bàbá Kàsúmù. Ọmọ Èkó ni wọ́n, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun láti ìgbà tí wọn ò tíì nírùngbọ̀n, ìlú yìí ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì sí. Mo fi àwo píánò náà lé gramafóònù fún wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní létí odò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Sẹ́ńtì Lúìsì, àwọn máa ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ dúdú kan tó ń lu píánò nínú ọkọ̀ èrò, Alóńsò Pétíbóònù lorúkọ rẹ̀, àti pé gbogbo etídò ló mọ̀ pé òun ló ṣe é kí àwọn òyìnbó tó gbé e lọ. Orúkọ rẹ̀ ò sí lára àwo kankan.

Màmá, ẹ ò rí i pé wọ́n ti jí i kó tó dé Burútù rárá. Mo ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn dúdú ní ìlú náà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi kéde pé mò ń wá ẹbí Pétíbóònù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má jókòó ti ààrò jù.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runṣògo

*

Etídò, Bàrígà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, 1955

Ọlọ́runṣògo,

Ṣé o wà láyé? Láti oṣù Keje, n ò gbúròó rẹ. Ṣé o ti fẹ́ òyìnbó ni, tí kò jẹ́ kó o rí yíǹkì rà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ kí i, ó sì ń bínú.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rán ènìyàn sí Gbádégẹṣin. Ó ti wá di pé bó bá ti rí ẹni tó ti ọ̀nà Bàrígà bọ̀, ó ń mi orí látòkèèrè.

Ìyá Ọmọ́wálé ti kú. Ó ti padà bá mi rẹ́ kó tó lọ, àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹja tó yan kẹ́yìn. Orin inú ìwé ni wọ́n fi sin ín. Ọmọ́wálé ń wò mí níbi ibojì, ó ń wò mí ṣáá, pé kí n dá a fún ìyá òun. Mo gé ètè mi jẹ. Mo ti fi ọwọ́ lé Bíbélì. Nígbà tí mo délé mo sunkún títí ojú mi fi wú, kì í ṣe torí Ìyá Ọmọ́wálé nìkan.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí olórin yẹn bá ti kú láìlọ́mọ, kọ ọ́ ránṣẹ́, kí n mọ̀ pé mo ti sọnù. Ìrètí tó ń fẹjú sílẹ̀ lójoojúmọ́ yìí ti sú mi.

Ikọ́ náà ti ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Mi ò tíì sọ fún Sabina.

Ìyá rẹ

*

Lifapúùlù
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹwàá, 1955

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi nípa ikọ́ náà, kí wọ́n mú yín lọ sí ọsibítù lónìí. Èmi náà ti kọ̀wé sí wọn.

N ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ló ń tì mí láti kọ̀wé lọ́wọ́ òfo. Ìwé ìròyìn yẹn kéde fún mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ wọn. Mo tún kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta níbẹ̀. Mo ń retí.

Màmá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ègbè nìkan ni mo mọ̀:

Ẹ wà á, ẹ wà á, ilẹ̀ ò jìnnà mọ́;
Iná ń jó létí omi, ẹnìkan ń dúró dè wá.

Ẹsẹ̀ orin náà tí ẹ̀yin nìkan máa ń dá, n ò mọ ìkankan. Oorun ló máa ń gbé mi lọ lórí ẹsẹ̀ yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ sórí ìwé. N ò ní fi han ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runṣògo

*

Etídò, Bàrígà
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, 1955

Ọmọ mi,

Sabina mú mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún mi ní oògùn tó korò, wọ́n ní kí n fi èéfín sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ẹja tó ń yan ara rẹ̀. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ọmọ dáadáa ni.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ rẹ, rárá. Má bínú. Mo ti mú pẹ́ńsù, mo ti gbé e kalẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sórí ìwé, mo ti fi sẹ́nu, torí n ò lè rántí rẹ̀ láìkọ ọ́ lórin. Bàbá yín gbà á láì sí ìwé, ó fi lé mi lọ́wọ́ láì sí ìwé. Ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda bá dé, màá pe Sabina jókòó, màá fi kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ọkọ rẹ̀ ń lọ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Òun ni yóò dá a lórí mi. Mo ti ro ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà á ní aláìgbọràn ni Japhet fẹ́, bí mo bá ṣe ohun tó o ní kí n ṣe. Wọ́n ti sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ò ní fi ẹ̀rí kún un fún wọn.

Ṣáà wá ọmọ olórin náà rí. Yára.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Leah

*

Lifapúùlù
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìn-ín-ní, 1956

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi,

Ẹ pe Adébọ̀dé. Ẹ jẹ́ kí ó ka èyí níwájú pẹpẹ, kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Mo ti rí i. Alóńsò Pétíbóònù fúnra rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ó bí ọmọ kan, Tabitha, ìyáàgbà ni òun náà báyìí, aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló fi lẹ́tà mi lé e lọ́wọ́. Mo ti fi lẹ́tà tó kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ sínú àpò ìwé yìí fún àwọn àgbà. Ohun tó wí nìyí, mo yí i sí Yorùbá bí mo ṣe lè ṣe é:

"Sí Ìyáàfin Ikúmápàyí. Bàbá mi ló ṣe orin yẹn. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ, nígbà tí a sì máa fi rí i, orúkọ ọkùnrin náà ló wà lára rẹ̀. A ò ní àwo kankan nílé wa. Bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ nínú àwo, ó ní àwọn tó gbé e síbẹ̀ ń sáré jù, pé òun ò ṣe é fún eré sísá. Ọmọ yín sọ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ẹ̀yin ń kọ ọ́, pé òkú lẹ fi ń sin. Mo ka ibẹ̀ yẹn fún gbogbo ará ilé mi. Ẹ máa kọ ọ́. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, àti fún àwọn ọmọ yín. Ẹ ò jẹ mí ní nǹkan kan. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín fún. Bàbá mi wá ọ̀rọ̀ tó máa bá orin náà lọ títí ó fi kú, kò rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín fi sí i ránṣẹ́."

Màmá, ó ti dé. Ẹ máa kọ ọ́ níbi tó bá wù yín. Ẹ fi kọ́ Ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n sì bá mi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá, kí n yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìyá yìí. Mo rò pé Bàbá ò ní bínú sí ìwé lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Ọlọ́runṣògo

*

Ṣómólú
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, 1956

Àbúrò mi Ọlọ́runṣògo,

O ti gba wáyà, o ti mọ̀ pé Màmá ti lọ. Mo ní kí Gbádégẹṣin má kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú wáyà. Ìyókù, èmi ni kí n sọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ bá Màmá láàyè. Mo fẹ́ kó o mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí àrùn ẹ̀gbà ti kọlù wọ́n nídìí ààrò, ó sì ti mú ahọ́n wọn. Wọ́n ń gbọ́ wa, wọ́n mọ gbogbo wa, wọn ò kàn lè sọ̀rọ̀. A ò kọ̀wé sí ọ torí a rò pé yóò tú. Gbádégẹṣin ti Ọbaníkòró dé, ó bá lẹ́tà náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gun kẹ̀kẹ́ wá sí Bàrígà láìbọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo kà á sí Màmá létí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí mo fi kà á tán, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Mo ránṣẹ́ sí àwọn àgbà. Gbogbo ìjọ ló wá, ilé ò gbà wọ́n, àwọn kan dúró sínú ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Adébọ̀dé ka lẹ́tà ìyá Amẹ́ríkà yẹn, ohùn rẹ̀ ò rọlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Àgbà Adéjìmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Ìyá Sabina, ẹ forí jì wá. Orin yín ti padà dé. Ẹ dá a, a ó gbè é."

Màmá ya ẹnu. Mo rí i pé orin náà wà níbẹ̀. Ọrùn wọn ń ṣiṣẹ́, ojú wọn ń bá a lọ, ìka wọn ń tẹ̀ lé e lórí aṣọ ìbora. Èémí nìkan ló ń jáde. Nígbà tó pẹ́, Àbáyọ̀mí ní òun rántí bí ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ṣe bẹ̀rẹ̀, ó gbìyànjú rẹ̀. Màmá mirí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi náà gbìyànjú. Wọ́n tún mirí. Olúkúlùkù wá ń mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ àjẹ̀, ọ̀rọ̀ òkè ọ̀run, Màmá sì ń mi orí sí gbogbo wọn. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, torí ó ti ń rẹ Màmá, ó sì ń dùn wọ́n. A wá kọ ègbè. Ìyẹn nìkan la mọ̀. A kọ ọ́, a dúró díẹ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti dá a, a tún kọ ọ́. Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n lo ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọn ò tún ya ẹnu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sin wọ́n. Ègbè, a dákẹ́, ègbè. Ènìyàn púpọ̀ ló wá láti Màhín. Mo lọ bá àwọn arúgbó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n léèrè ẹsẹ̀ orin náà. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ìyá rẹ ló máa ń dá a ni?"

Ìyáàfin Tabitha ní ohun kan péré ni òun ń bèèrè. Èmi ò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ, ìwọ ni wàá kọ̀wé sí i. Fi ègbè yẹn ránṣẹ́ sí i, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wa. Má parọ́ fún un. Má ṣe hun ọ̀rọ̀ kankan jọ láti fi dí ibi tó ṣófo. Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà wà, ó dára, ó sì bá orin bàbá rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ lé Bíbélì pé òun ò ní sọ ọ́, ó sì pa á mọ́.

Gbádégẹṣin ní kí n fi kún un pé ẹ̀bi rẹ kọ́. Mo ti ń gbìyànjú láti ìrọ̀lẹ́ àná láti kọ ọ́. Fún mi láyè díẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sabina